Fíláàṣì tó ń búùtù

fíláàṣì tó ń búùtù (àpólà-orúkọ)

Ìtumọ̀: Fíláàṣì tí a kọ ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀ lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè jí láti ara rẹ̀, yálà láti fi ètò tuntun sínú ẹ̀rọ náà, tàbí láti kó iṣẹ́ inú rẹ̀ jáde nígbà tí ètò àtijọ́ bá kọ̀ tí kò dìde mọ́.

Àpẹẹrẹ: “Kọ̀ǹpútà yìí kò dìde mọ́, ẹ bá mi wá fíláàṣì tó ń búùtù, kí a fi wo ohun tó kù nínú rẹ̀.”

Àkíyèsí ìlò: Kì í ṣe gbogbo fíláàṣì tí fáìlì Windows wà nínú rẹ̀ ni ó ń búùtù. Orí ìyàtọ̀ yìí ni àlàyé tó tẹ̀lé e dá lé, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá lò níwájú ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lè pa iṣẹ́ ọdún púpọ̀ rẹ́, ó sì lè gbà á là.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni Yorùbá ń gbà sọ ohun àjèjì lórúkọ. Èkíní ni ìró tí ohun náà ń mú jáde. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, ìró àgbá wọn ni àwọn ará ìlú fi pe ìjà náà ní Ogun Àgídìngbì. Orúkọ kan náà ni àdúgbò tó wà ní Ìkẹjà ń jẹ́ lónìí, níbi tí iléeṣẹ́ Cadbury àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, bí a ti rí i nínú amóhùnmáwòrán àti ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀nà kẹta ni kí a yá ọ̀rọ̀ náà, kí a sì fi ohùn Yorùbá pè é. Ọ̀nà kẹta yìí ni fíláàṣì àti búùtù gbà wọlé.

Ní òpópónà Ọ̀tígbà àti àwọn òpópónà tó yí i ká ní Ìkẹjà, ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Computer Village, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni “kò búùtù” àti “ó ti búùtù”. Kí a má ṣe gbé e pọ̀ mọ́ búùtù ọkọ̀, tí í ṣe àyè ẹrù lẹ́yìn mọ́tò. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni èyí.

Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ara bàtà gígùn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Okùn kékeré kan wà lẹ́yìn irú bàtà bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fà á wọ̀. Wọ́n a máa sọ̀rọ̀ ẹni tó di okùn bàtà ara rẹ̀ mú, tó fẹ́ fi gbé ara rẹ̀ dìde nílẹ̀, ohun tí kò lè ṣeé ṣe. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà yá àwàdà yìí láti fi sọ ìṣòro gidi kan: ètò ni kọ̀ǹpútà ń lò láti gbé ètò mìíràn wọlé, ètò wo ni yóò wá gbé ètò àkọ́kọ́ wọlé?

Ẹni tí kò bá fẹ́ yá ọ̀rọ̀ lè lo *jí* tàbí *dìde*. Ṣùgbọ́n *tàn* kò lè rọ́pò wọn. Iná lè tàn lára kọ̀ǹpútà, kí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ máa fẹ́, kí ó má sì jí. Ẹni tó bá sọ pé “ó ń tàn, ṣùgbọ́n kò jí” ti sọ ohun tó pọ̀ fún ẹni tí yóò tún un ṣe: iná ń wọ inú ẹ̀rọ náà; ohun tí yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ètò rẹ̀ àti ibi tí ètò náà wà.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí

Ètò kékeré kan wà tí iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà ti kọ sórí pátákó inú rẹ̀, tí kì í parẹ́ nígbà tí iná bá lọ. BIOS ni a ń pe ti àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́, UEFI sì ni ti òde òní. Ètò kékeré yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ jí. Kò lè bá wa tẹ lẹ́tà, kò sì lè bá wa ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́. Ohun tó mọ̀ ni bí a ti ń yẹ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ wò àti bí a ti ń wá ètò ńlá lọ. Ètò ńlá náà, ẹ̀wẹ̀, kò lè gbé ara rẹ̀ wọlé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ibi tí ètò kékeré náà ti ń wá ètò ńlá ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ: ó lè kọ́kọ́ wo háàdì dísìkì, kí ó tó wo fíláàṣì, tàbí kí ó ṣe òdìkejì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a bá ti ṣètò rẹ̀. Ní ọdún 1981, nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde fún ènìyàn lásán, pẹlẹbẹ rírọ̀ tí a ń tì bọ inú ẹ̀rọ ni ó ń wò. Sídíì tẹ̀lé e láàárín àwọn ọdún 1990. Ọdún 2000 ni fíláàṣì kọ́kọ́ dé ọjà, ó sì gba ipò lọ́wọ́ sídíì díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo inú fíláàṣì ni ètò kékeré yìí máa ń tú wò. Ibi pàtó ni ó ń lọ. BIOS ń ka bááìtì 512 àkọ́kọ́ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ rẹ̀. UEFI ń wá fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ EFI, níbi tí fáìlì ìjí gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú orúkọ tí gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bí kò bá bá ohun tó ń wá níbẹ̀, yóò kọjá lọ síbi tó kàn, ìbáà jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún fáìlì ni ó wà nínú fíláàṣì náà.

Dà kọ, tú, kọ sórí

Ètò tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wá gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso. Àwòrán odidi dísìkì kan ni fáìlì yìí: àwọn fódà rẹ̀, ibi ìjí rẹ̀ àti gbogbo ohun inú rẹ̀, tí a dì pọ̀ sínú ẹrù kan. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń sọ ohun tí a fẹ́ ṣe sí i.

*Dà kọ*: a mú ẹ̀dà fáìlì .iso náà, a fi sínú fíláàṣì bí a ti ń fi orin tàbí fọ́tò sí i. Fáìlì náà pé, kò sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní jí láti ara rẹ̀. Ẹ̀bù iṣu tí a tò sínú apẹ̀rẹ̀ kì í ta. Inú ebè ni a ń gbìn ín sí.

*Tú*: a ṣí ẹrù náà, a sì to àwọn fáìlì inú rẹ̀ sórí fíláàṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà UEFI, èyí lè tó nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìṣètò FAT32, tí gbogbo UEFI lè kà, kò gba fáìlì kan tó bá tó GB 4, fáìlì ńlá tó wà nínú Windows òde òní sì sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

*Kọ sórí*: a fi ètò tí a ṣe fún iṣẹ́ náà tún fíláàṣì tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ṣe ibi ìjí sí i, a sì gbé gbogbo ohun inú àwòrán náà sí àyè rẹ̀. Èyí ni ọ̀nà tó dájú jù láti sọ fíláàṣì di èyí tó ń búùtù. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún oníṣẹ́ pé “ẹ bá mi da Windows sí fíláàṣì yìí” kò tíì sọ ohun tó fẹ́ tán, oníṣẹ́ tó bá sì da fáìlì lásán sí i fún un kò purọ́. “Ẹ bá mi kọ Windows sórí fíláàṣì yìí, kó lè búùtù” ni gbólóhùn tó pé.

Fọ́máàtì: ọ̀rọ̀ tó léwu jù lọ

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó jọ mọ́ iṣẹ́ yìí, fọ́máàtì ni ó ń fa ẹkún jù. Ìtumọ̀ méjì ni ó ní lẹ́nu àwa Yorùbá. Lẹ́nu ẹni tó ni kọ̀ǹpútà, ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni “ẹ tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ bíi tuntun”. Létí oníṣẹ́, ohun tó túmọ̀ sí ni “ẹ nu gbogbo inú rẹ̀ nù”.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé owó kan ní iléeṣẹ́ kan ní Àgídìngbì ṣe àpẹẹrẹ. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò jí láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìṣirò owó oṣù òṣìṣẹ́ fún ọdún márùn-ún wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ó gbé e lọ sí Ìkẹjà, ó ní: “Ẹnjiníà, ẹ bá mi fọ́máàtì ẹ̀.” Ẹnjiníà dáhùn pé: “Kò sí wàhálà, mà.” Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà ti jí, ṣùgbọ́n ìṣirò ọdún márùn-ún ti lọ. Kò sí ẹni tó hùwà ibi nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò bára mu.

Gbólóhùn tó yẹ kí ó sọ nìyí: “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ fi fíláàṣì búùtù ẹ̀, kí ẹ kó iṣẹ́ inú rẹ̀ sórí háàdì dísìkì tí mo mú wá yìí. Bí mo bá ti rí gbogbo rẹ̀, ẹ lè wá fi Windows tuntun sí i.” Ohun tó béèrè yìí ṣeé ṣe nígbà púpọ̀. Kọ̀ǹpútà tí Windows inú rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣì lè jí láti ara fíláàṣì tí a kọ Ubuntu sórí rẹ̀, kí ó sì fi àwọn fáìlì tó wà nínú háàdì dísìkì hàn, láì fọwọ́ kan wọn. Ohun méjì ni ó lè dènà rẹ̀: kí háàdì dísìkì fúnra rẹ̀ ti kú, tàbí kí a ti fi BitLocker tì í pa. Bí ó bá jẹ́ ti BitLocker, kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 tí a fi ń ṣí i ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà fi wọlé, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́.

Bí a bá ti fọ́máàtì ńkọ́? Ìfọ́máàtì ìkánjú kì í pa ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ojú ewé tó ń tọ́ka ibi tí orí kọ̀ọ̀kan wà ni ó ń ya dànù. Nítorí náà, a ṣì lè rí díẹ̀ kó padà bí a kò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Ṣùgbọ́n Windows tuntun tí a bá fi sí i yóò kọ nǹkan lé e lórí. Lára àwọn dísìkì SSD, ìrètí náà tilẹ̀ kéré gan-an, nítorí wọ́n máa ń nu àyè tí a ti fi sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tó bá ti ṣe àṣìṣe yìí, kí ó pa ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó má sì tàn án mọ́ títí yóò fi rí onímọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. *Ẹ kó ohun inú fíláàṣì kúrò.* Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò parẹ́. Fún Windows, kí fíláàṣì náà má ṣe kéré sí GB 8.

2. *Ẹ gba ètò náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.* Windows wà lórí ojúlé Microsoft. Ubuntu wà lórí ojúlé tirẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ju GB 5 lọ, nítorí náà kí dátà tó pọ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀dà tí a bá gbà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ lè ní ètò olè nínú, a ó sì ti fi ọwọ́ ara wa gbé e wọlé.

3. *Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.* Àwọn tó ń gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde sábà máa ń fi àmì SHA-256 rẹ̀ hàn, tí í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Lórí Windows, àṣẹ `certutil -hashfile orúkọ.iso SHA256` ni yóò ṣe ìṣirò àmì fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí Linux, `sha256sum orúkọ.iso` ni. Bí lẹ́tà kan péré bá yàtọ̀, fáìlì náà kò pé tàbí ẹnìkan ti yí i padà. Ẹ tún un gbà.

4. *Ẹ kọ ọ́ sórí fíláàṣì.* Lórí Windows, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo Rufus, tí Pete Batard gbé jáde ní ọdún 2011. Microsoft náà ní ètò tirẹ̀ tó ń gba Windows wálẹ̀ tó sì ń kọ ọ́ sórí fíláàṣì pọ̀. Bí Rufus bá béèrè GPT tàbí MBR, GPT ni ti kọ̀ǹpútà UEFI, MBR sì ni ti BIOS àtijọ́. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ ka orúkọ fíláàṣì náà àti ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí háàdì dísìkì tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ bá wà lára ẹ̀rọ náà, ẹ yọ ọ́ ná. Àwọn tó ń lo àṣẹ `dd` lórí Linux gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi `lsblk` wo orúkọ dísìkì kọ̀ọ̀kan, nítorí `dd` kì í bèèrè pé ṣé ó dá wa lójú.

5. *Ẹ ní sùúrù.* Fíláàṣì tí a fà yọ kí iṣẹ́ tó parí kò ní búùtù dáadáa. Bí iná kò bá dúró ṣinṣin, kí bátìrì kọ̀ǹpútà ti kún kí a tó bẹ̀rẹ̀.

6. *Ẹ búùtù láti ara rẹ̀.* Ẹ pa kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ fi ètò sí, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tàn án, ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì tó ń mú àkójọ ibi ìjí wá. F12 ni lára ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo. F9 tàbí Esc ni lára HP. Lára Mac tó ń lo Intel, bọ́tìnì Option ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

7. *Ẹ ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó yàn.* Ubuntu máa ń jẹ́ kí a kọ́kọ́ dán an wò láti ara fíláàṣì. Ìyẹn kì í fọwọ́ kan háàdì dísìkì. Windows, ní tirẹ̀, yóò béèrè apá dísìkì tí ẹ fẹ́ fi í sí. Ibẹ̀ ni ìfọ́máàtì ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì fi ojú ara yín rí ẹ̀dà iṣẹ́ yín níbòmíràn, ẹ má ṣe tẹ “Delete” tàbí “Format”.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a tan

*Windows.* Ní ọjà, orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, bí a ti ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo, tí a sì ń pe gbogbo èròjà ọbẹ̀ onígun mẹ́rin ní Mágì. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, kò burú. Ṣùgbọ́n níwájú oníṣẹ́, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ gan-an: Windows 10, Windows 11 tàbí Ubuntu.

*Tòkunbọ̀.* Láti inú “ti òkun bọ̀”. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni tẹ́lẹ̀. Ó ti di orúkọ ọkọ̀ àti kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ti lò níbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun méjì ni ó yẹ kí ẹni tó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mọ̀. Èkíní, láti ìgbà Windows 8 ní ọdún 2012, àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń kọ nọ́ńbà àṣẹ Windows sínú pátákó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí irú kan náà ni a bá tún fi sí i, yóò sábà dá a mọ̀. A kò ní láti san owó àṣẹ lẹ́ẹ̀kejì. Èkejì, Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn lásán fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní: TPM 2.0, UEFI tó lè lo Secure Boot, àti RAM tí kò kéré sí GB 4. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, Ubuntu tàbí Linux mìíràn jẹ́ ọ̀nà kan tí kò gba owó.

*Ẹ̀dà.* Ohun tí a dà kọ láti ara ohun mìíràn. A kì í pe ohun tó wà níbì kan ṣoṣo ní ẹ̀dà. Fáìlì tí a *gbé* kúrò nínú kọ̀ǹpútà sórí fíláàṣì kò tíì ní ẹ̀dà. A kàn ṣí i nípò ni. Kí a tó lè fi ọkàn balẹ̀ sọ pé “ẹ̀dà rẹ̀ wà”, ó gbọ́dọ̀ wà níbi méjì, kí a sì ti ṣí èyí èkejì wò.

Ìlò tó yẹ: “Ẹ bá mi kọ ọ́ sórí fíláàṣì, kó lè búùtù.” “Ó ń tàn, ṣùgbọ́n kò jí.” “Ẹ kó iṣẹ́ inú rẹ̀ jáde ná, kí ẹ tó fi òmíràn sí i.”

Ìlò tí a kì í gbani nímọ̀ràn rẹ̀: “Ẹ bá mi fọ́máàtì ẹ̀”, àyàfi bí ẹni tó sọ ọ́ bá ti rí ẹ̀dà gbogbo ohun inú ẹ̀rọ náà, tó sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parẹ́ lóòótọ́.